Ẹyọ Kan Lórí Ogójì

Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ ọmọ mi bá gbà láti pa rédíò wọn fún mi, mo ṣì ń gbọ́ ìró àgbàdo tó ń bọ́ sínú àká ìyá àgbà. Ìró kékeré ni. Méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì, ìyá àgbà á jù wọ́n sínú àká lẹ́ẹ̀kan náà, pò. Ìgbà mẹ́wàá ni yóò ju mẹ́rin-mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò dúró díẹ̀ bí ẹni tó rántí nǹkan, yóò mú ẹyọ kan ṣoṣo, yóò jù ú lé wọn lórí, ìgbà náà ló máa tó lanu pé, "Ogójì o." A ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí ọyẹ́ bá ti dé sórí ilẹ̀ Kétu, tí ètè gbogbo wa ń là, tí òrí tí a ń fi para ò tó ilé pín, ohùn yẹn la ń gbọ́ nírọ̀lẹ́ títí ọbẹ̀ á fi jinná. Ìyá àgbà yìí ni ìyá tó bí bàbá mi. Bàbá mi ló ń ro oko lọ́nà Idigny lọ́hùn-ún, òótọ́ ni, àmọ́ bí àgbàdo bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ilé, ó ti di ti ìyá àgbà nìyẹn. Bàbá mi pàápàá ò jẹ́ mú ọ̀kan sun láì kọ́kọ́ tọrọ.

Èmi ni wọ́n máa ń gbé wọ inú àká láti to àgbàdo náà. Ẹnu àká kéré, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ń rùn bíi koríko gbígbẹ àti eku. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nílé tiwa, àká ni kèrègbè náà, èmi sì ni ọwọ́ tó wọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti lè dúró láì ṣubú ni mo ti ń gbọ́ "Ogójì o" lókè orí mi, tí èmi náà á dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ó pé." Kí n tó mọ ọ̀nà oko bàbá mi ni mo ti mọ bí ogójì ṣe rí, bó ṣe wúwo tó, àti ibi tó máa ń ga dé ní orúnkún mi. Mo mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò níléèwé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òmìnira ṣì jẹ́ nǹkan tuntun. Àsíá wà lórí òpó níwájú iléèwé wa, a ó sì kọrin fún un láràárọ̀ ní èdè Faransé tí ìdajì wa ò gbọ́. Fìlómẹ́nà ni mo ń jẹ́ níbẹ̀. Nílé, Àlàkẹ́ ni mí. Mo mọ ìwé kà, mo mọ̀ ọ́n kọ, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì rẹwà débi pé èmi ni wọ́n ń ní kó kọ ọjọ́ òní sójú pátákó. Àmọ́ bí Mẹ́tìrì, bí a ṣe ń pe olùkọ́ wa, bá ti ní ó kan kálíkù, ìyẹn ìṣirò, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú mi. Bí nọ́ńbà bá kéré, n kì í ṣì í. Mẹ́jọ àti méje, ogún àti mẹ́sàn-án, kíá ni. Bó bá ti ga, n ó máa fa ìlà sára síléètì mi ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ìyá àgbà ṣe ń ka àgbàdo, n ó wá ka gbogbo ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì kọ ohun tí mo bá rí. Ohun tí mo rí kì í sì í bá ti ẹnikẹ́ni mu. Bí wọ́n bá ní ká pín nǹkan, tèmi nìkan ni kì í pín tán. Mẹ́tìrì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Apá Àgbómẹ̀ ló ti wá, kò gbọ́ èdè wa, ọmọ ọgọ́ta ló wà níwájú rẹ̀, pàṣán rẹ̀ sì tín-ín-rín. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ló máa ń nà, kí ti ọ̀tún lè kọ̀wé.

Mo ti tún kíláàsì yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan. Òfin iléèwé náà sì ni pé ẹni tó bá kùnà nígbà kejì, kó máa lọ sílé, kí ọmọ mìíràn gba àyè rẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ ṣáájú Nọ́ẹ̀lì, ìyẹn ọdún Kérésì, mo gba méjì nínú mẹ́wàá nínú kálíkù. Bàbá mi gbọ́. Ọkà àgbàdo àti ọbẹ̀ ilá la ń jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi fọ ọwọ́, ó wo ìyá mi, ó ní, "Ìyá Àlàkẹ́, mo ti gbìyànjú. Bí òjò bá dé tí ọmọ yìí ò gòkè, yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Adakplamè. Gààrí ò béèrè kálíkù." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ń ṣe gààrí, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a bó ẹ̀gẹ́, ó sì ti ń béèrè mi tipẹ́. Mo ti sun ilé rẹ̀ rí. Èéfín ibẹ̀ mú kí ojú mi wú fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ iléèwé mọ́, bí ẹni pé ìlú kan tí wọn ò ní dé mọ́ láéláé ni. Mo wo ìyá mi, mo ń retí kó bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kó àwo jọ, ó ní, "Òjò ò tíì rọ̀," ó sì wọlé lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Kò mọ ìwé. Nínú èdè Faransé, "bọ́ńsúù" tí wọ́n fi ń kíni lójú mọmọ nìkan ló mọ̀, ọ̀sán àti òru ló sì ń lò ó. Àmọ́ bó bá ti fi ọwọ́ kan nǹkan, kì í jáwọ́ kó tó yanjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi dání lọ sí kànga. Ilẹ̀ wa ga, omi rẹ̀ jìn. Okùn kànga wa gùn débi pé ẹni tó bá ń fà á gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà kí korobá tó yọjú. Bó ṣe ń fà á ló ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ pé, "Ta ló mọ kálíkù nínú ìlú yìí?" Obìnrin kan bi í bóyá egbòogi ni. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò dùn mí. Abèèrè ò ṣìnà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó sọ."

A kọ́kọ́ lọ bá Mẹ́tìrì fúnra rẹ̀. Ìyá mi gbé iṣu méjì lọ́wọ́, ó sì ní kí n máa túmọ̀. Ẹ wo ìyà: èmi tí wọ́n ń rojọ́ lé lórí, èmi náà ni ògbufọ̀. Mẹ́tìrì ní òun ò ní àyè, pé ọmọ ọgọ́ta wà lọ́rùn òun, pé ọ̀lẹ ni mí. Mo yíjú sí ìyá mi, mo ní, "Ó ní òun ò ráyè." Mo fi ọ̀lẹ sílẹ̀ níbi tó wà. Lẹ́yìn ìyẹn a lọ bá katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní òun mọ òfin mẹ́wàá, òun mọ ibùdó mẹ́rìnlá ti ọ̀nà àgbélébùú, nọ́ńbà tó bá ti kọjá ìyẹn, ti ìjọba ni. Wọ́n tún sọ fún wa pé ọkùnrin kan wà ní Idigny tó máa ń wọn òwú fún àwọn òyìnbó, pé orí rẹ̀ kún fún ìṣirò. A jí ní kùtùkùtù, a rìn títí oòrùn fi dé àtàrí, a dé ibẹ̀, wọ́n ní ó ti kó lọ sí Kútọnu láti ọdún tó kọjá. Ìyá mi jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó bu iṣu sísun fún mi. Ojú ń tì mí fún un. Mo ní kí a kúkú jẹ́ kí n máa lọ sí Adakplamè. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ, ó ní, "Jẹ iṣu rẹ. Ọ̀nà kan ò wọjà."

Kànga náà ló padà fún un lésì. Obìnrin kan níbẹ̀ sọ fún un pé aránṣọ tó wà lẹ́bàá ọjà gbé sẹ́tífíkà, ìwé ẹ̀rí iléèwé rẹ̀, kọ́ ara ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ, pé ó ní gíláàsì lójú. Ará Àjàṣẹ́ ni ọkùnrin náà, Mùsùlùmí, Bàbá Sàlímọ́tù ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ga, ó tín-ín-rín, tépù ìwọ̀nṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ẹ̀gún Idigny. Bàbá Sàlímọ́tù gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyá Àlàkẹ́, mi ò ní gba owó lọ́wọ́ yín. Ìyàwó mi wà nínú oyún, okùn kànga ìlú yín yìí sì fẹ́ pa á. Ẹ bá a pọn omi, èmi á bá yín kọ́ ọmọ." Ìyá mi béèrè pé títí di ìgbà wo. Ó ní, "Títí èsì ìdánwò rẹ̀ yóò fi jáde." Báyìí ni ìyá mi, tó ń pọn omi ilé tiwa tẹ́lẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ti ilé méjì. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibi tí okùn ti bó o. Mo fi ojú pàṣán Mẹ́tìrì tó wà lọ́wọ́ mi wé e nínú ọkàn mi, mo sì rí i pé tèmi ò tó nǹkan.

Lójoojúmọ́ lẹ́yìn iléèwé, abẹ́ ìbòòji aránṣọ la máa ń wà. Ó ń rán aṣọ, mo ń ka bọ́tìnì lórí ẹní, ìyá mi ń ṣẹ́ àgbàdo sínú ọpọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí pé kò lè jókòó lásán. Bàbá Sàlímọ́tù kì í na ọmọ. Bí mo bá ṣì í, yóò kan máa kùn bí oyin, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, imú ẹlẹ́dẹ̀ yìí ò wọ ibì kankan. Lọ́jọ́ kan ó dá ẹ̀rọ dúró pátápátá. Ó ní, "Bọ́tìnì méjìlá àti mẹ́tàlá?" Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. "Ogún àti mẹ́sàn-án?" Mo dá a lóhùn. "Ogójì àti ogójì?" Mo to bọ́tìnì mi, mo kà á, mo ní méjìlélọ́gọ́rin. "Ogójì lọ́nà mẹ́ta?" Mo tún tò ó, mo ní mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Àlàkẹ́, ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Òmùgọ̀ kì í ṣìnà gba ojú kan náà lójoojúmọ́. Kó tó dé ogójì, kì í ṣì í. Bó bá ti dé ogójì, ẹyọ kan á lé lórí ogójì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Mi ò mọ ibi tó ti ń rí ẹyọ kan yìí."

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí àgbàdo tó ń ṣẹ́. Ó wá ti agbọ̀n àgbàdo rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Àlàkẹ́, ka ogójì fún mi." Kí ló tún lè rọrùn ju ìyẹn lọ? Mo mú méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì, mo kó wọn sílẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró díẹ̀. Mo mú ẹyọ kan, mo gbé e lé wọn lórí, mo ní, "Ogójì o." Ìyá mi ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé e, omijé tẹ̀ lé e, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó ní, "Ènì ni. Bàbá Sàlímọ́tù, ènì ni ọmọ yìí ń kà mọ́ ọn." Kò kọ́kọ́ yé ọkùnrin náà. Ní Àjàṣẹ́ tiwọn, ẹni tó bá ra nǹkan là ń fún ní ènì. Ìyá mi wá ṣàlàyé fún un pé nílé ọkọ òun, àká là ń fún ní ènì, pé ogójì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan tí a kì í kà, àti pé lẹ́yìn ẹyọ yẹn ni ìyá ọkọ òun tó máa ń pe ogójì. Kò sí ẹni tó rò ó rí láti sọ fún ọmọ tó wà nínú àká pé ẹyọ yẹn ò sí lára ogójì náà. Wọ́n rò pé mo mọ̀. Èmi bú sẹ́kún. Kì í ṣe ayọ̀, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Inú ló ń bí mi. Ọdún méjì ni wọ́n ti fi ń nà mí lọ́wọ́ nítorí ẹyọ àgbàdo kan.

Mo rò pé ó ti parí. Kò parí. Ọwọ́ ní ìrántí tirẹ̀ tí orí ò mọ̀. Lọ́sàn-án, lábẹ́ ìbòòji aránṣọ, ogójì á jẹ́ ogójì. Tó bá dìrọ̀lẹ́, n ó tún wọ inú àká, n ó gbọ́ ẹyọ yẹn kó bọ́, n ó ní "Ó pé," tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, ó ti padà sínú ìka mi. Bàbá Sàlímọ́tù fi ara dà á títí, ó wá ní, "Ohun tí mo bá rán lọ́sàn-án, àká yín ló ń tú u ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ ọmọ kúrò nínú àká, tàbí kí ẹ yọ ènì." Kò sí ọmọ mìíràn nínú ilé tó lè wọ ẹnu àká. Ó wá ku ènì. Ta ni yóò lọ sọ ọ́ fún ìyá àgbà? Bàbá mi ní òun ò sí níbẹ̀ o.

Ìyá mi lọ. Kùtùkùtù ni, ìyá àgbà ń rin pákò lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, èmi sì ń gbálẹ̀ nítòsí, mo ń gbá ojú kan náà léraléra kí n lè gbọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, dìde kí o bẹ̀ ẹ́. Orúnkún rẹ ń dun èmi." Ìyá mi ò dìde. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá ènì dúró, ti ọdún yìí nìkan." Ìyá àgbà tu pákò rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó, àká tí a ò bá fún ní ènì, eku ló ń fún ara rẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, ìyá tirẹ̀ ló sọ ọ́ fún un. Ẹyọ yẹn ni a fi ń gba àlejò. Òun la fi ń fún ẹni tí ebi ń pa, tí a ò sì ní ka iye tó jẹ sí i lójú. Kí n wá di ahun lọ́jọ́ ogbó mi nítorí Faransé?" Ìyá mi ní, "Rárá, Ìyá." "Nítorí kí wá ni?" "Nítorí Àlàkẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní kíkà. Ohun tí ẹ kọ́ ọ wọ̀ ọ́ lára débi pé pàṣán olùkọ́ ò lè yọ ọ́, aránṣọ tó ní sẹ́tífíkà ò lè yọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ àfi ẹ̀yin." Ìyá àgbà mú pákò rẹ̀ nílẹ̀. Ó wọlé lọ. Ìyá mi ò kúrò lórí orúnkún. Ewúrẹ́ wá, wọ́n gbóòórùn ìró rẹ̀, wọ́n lọ. Ẹ̀kọ òwúrọ̀ tutù. Bàbá mi gbé ọkọ́ rẹ̀, ó rí i níbẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko. Oòrùn ti ń gun ògiri kí ìyá àgbà tó yọ orí síta, tó ní, "Ṣé o fẹ́ hu gbòǹgbò síbẹ̀ ni? Dìde, lọ pọn omi rẹ."

A ò mọ ohun tó rò. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé mi wọ inú àká kejì, tuntun, tí kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mẹ́rin bọ́ sílẹ̀, mẹ́rin bọ́ sílẹ̀, títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Lójijì ohùn ìyá àgbà dún pé, "Ogójì o." Mo dúró. Ẹyọ kan ò tíì bọ́. Mo ké láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ìyá àgbà, ẹ gbàgbé ọ̀kan." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ dí gbogbo ẹnu àká. Ó ní, "Ọkọ mi, mi ò gbàgbé. Èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ ni ogójì. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ara rẹ̀. Ènì ni. Ó ti ní ilé tirẹ̀ báyìí." Mo gbọ́ tó sọ ọ́ sínú agbọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ yàtọ̀. Ìyá àgbà tí kì í yí nǹkan padà, tí kò gbà kí wọ́n fi páànù bo yàrá òun, yí ìpè tó gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀ padà nítorí mi, kò sì tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Orí ni bàbá mi àti ìyá mi fi ń ru àgbàdo náà láti oko, kì í ju ogójì méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́jọ́ kan, nítorí náà ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu mi ṣì ń ṣìnà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, mo ti ń dáhùn "Ó pé" láì dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí àgbàdo tán lóko, ìyá àgbà fà mí jáde, ó gbọn ìdọ̀tí orí mi, ó sì da agbọ̀n ènì sílẹ̀ níwájú mi. "Kà á." Mo kà á, ọgbọ̀n ni. "Àgbàdo mélòó ló wà nínú àká?" Mo fẹ́ sáré lọ mú síléètì mi. Ó ní kí n fi òkúta mi, bó ṣe ń pe síléètì, sílẹ̀ ná. Ó ní kí n pín ènì náà ní òkìtì márùn-ún-márùn-ún. Òkìtì mẹ́fà ló jẹ́. Ó na ìka sí èyí àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹyọ kan dúró fún ogójì kan. Ogójì márùn-ún, kí ni wọ́n ń pè é?" Mo ní igba. "Òkìtì mélòó?" Mẹ́fà. "Igba mẹ́fà ńkọ́?" Mo ní ẹgbẹ̀fà. Mo sáré mú síléètì, mo ṣe ọgbọ̀n lọ́nà ogójì bí Mẹ́tìrì ṣe ń ṣe é, mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà béèrè pé, "Kí ni òkúta rẹ wí?" Mo ní, "Ẹgbẹ̀fà." Ó ní, "Òkúta rẹ gbọ́n díẹ̀." Ó wá fi ẹsẹ̀ da àwọn òkìtì náà rú. Ó ní, "Ó dáa. Bí mo bá wá gbé ẹgbẹ̀fà fún ọ, tí agbọ̀n ènì sọ nù, ogójì mélòó ló wà níbẹ̀?" Mo gba ọ̀nà tí mo gbà wá padà sẹ́yìn: igba mẹ́fà, márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń pè ní pínpín nìyẹn, tí mo ti rò pé Faransé ló hùmọ̀ rẹ̀ láti fi pa ọmọ aláìṣẹ̀. Mo wo ìyá àgbà. Gbogbo ọdún tó fi ń ju ẹyọ yẹn, ó mọ iye tó wà nínú àká rẹ̀, láì sí ìwé, láì sí ẹ̀fun.

Èmi náà padà di olùkọ́. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kálíkù ní Okpomèta àti níhìn-ín, ẹnikẹ́ni tí mo kọ́ yóò sì sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n mi ò na ọmọ kankan rí nítorí ìṣirò. Bí ọmọ bá ń ṣì í ṣáá, n ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, n ó bi í pé, "Kí lẹ máa ń kà nílé yín?" Òmíràn á ní iṣu, òmíràn á ní ẹní, òmíràn á ní àwọn ò ka nǹkan kan. N ó ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ kà á kí n wò ó. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń rí ibi tí ẹ̀gún wà, àmọ́ mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ọdún ìdánwò mi yẹn, òjò dé. Ìdánwò dé pẹ̀lú rẹ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni pé wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ọsàn sínú àpótí, ogójì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpótí mélòó ni? Mo mú kírè, ìyẹn ẹ̀fun ìkọ̀wé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Nígbà tí mo dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ọwọ́ mi dúró. Ó ń fẹ́ ẹyọ kan yẹn. Mo rí i bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Òjò ń lu páànù, mo sì ranjú mọ́ ọwọ́ ara mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ oko olóko. Mo wá pa gbogbo ìlà náà rẹ́. Igba márùn-ún ló wà nínú ẹgbẹ̀rún. Àpótí márùn-ún nínú igba kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo wá ìyókù, kò sí ìyókù.

Ọjọ́ tí èsì yóò jáde, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dé láti Adakplamè láti àná rẹ̀. Ó ti di ẹrù mi, aṣọ mi méjèèjì àti ẹní mi, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò iléèwé, bàbá mi gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ìyá mi dúró sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Mẹ́tìrì ń ka orúkọ àwọn tó gòkè. Ó kà á títí, mo ti ń wo ilẹ̀, kó tó sọ pé, "Fìlómẹ́nà." Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé, ó wò mí, ó sọ nǹkan kan ní Faransé. Ìyá mi ti la àárín èrò kọjá, ó dì mí lápá mú. "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní mo gòkè." Ó ní, "Ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ gbogbo rẹ̀." Mo ní, "Ó ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá nínú kálíkù. Ó ní òun ti ń pè mí ní ọ̀lẹ tẹ́lẹ̀, òun ò ní pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìyá mi tú ìró rẹ̀, ó tún un ró le koko. Ó ní, "Ó dáa. Omi òní ló kù tí mo jẹ Bàbá Sàlímọ́tù," ó sì gba ọ̀nà kànga lọ nínú òjò winniwinni tó ń rọ̀. Nígbà tí a délé, bàbá mi ló gbé ẹrù mi padà sí yàrá.

Ìyá àgbà wà nídìí àká, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, agbọ̀n ènì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò ti jẹ nínú rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà yẹn, ó ku díẹ̀ kó tán. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé mo gòkè, pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni. Ó béèrè pé kí ló ṣe méjì tó kù, mo ní mi ò mọ̀. Ó na ọwọ́ sínú agbọ̀n, ó mú àgbàdo kan jáde, ó gbọn kòkòrò ara rẹ̀ dànù, ó nà án sí mi.

"Kí ni, ìyá àgbà?"

"Ènì tìrẹ ni. Má kà á."